Ẹlẹ́rìí Oṣù Lárúbáwá

Ìṣirò oṣù Lárúbáwá tí Salahudeen kọ sórí kọ̀ǹpútà kì í dá ṣiṣẹ́; prógíráàmù àwọn ẹlòmíràn ló ń yá a lò. Garba, tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ní àdúgbò Challenge, ló fi tẹ ti 1993. Nígbà tí January 1994 wọlé, ó dá iṣẹ́ dúró.

"Àwọn oníbàárà ń bi mí pé ta ló bá máṣíìnì rẹ wo oṣù," ni Garba wí. "Bí o ò bá rí ẹlẹ́rìí kí Jímọ́ tó dé, èmi àti ìṣirò rẹ ti parí."

Husseinat, ìyàwó Salahudeen, rẹ́rìn-ín títí.

"Òótọ́ kúkú ni. Máṣíìnì tí ò lójú! Ẹ̀yin gan-an, Bàbá Mohammed, ìgbà wo lẹ wòkè gbẹ̀yìn?"

Salahudeen bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà tuntun ìṣirò náà. Ó kọ ohun tó máa bá dísìkì náà lọ sórí ìwé: "Ẹ̀dà kejì. Kọ̀ǹpútà tó ń lo DOS 5 ló kéré jù. Kò níí ṣí láìsí fáìlì Àfáà Yísà."

Ní abúlé Àfáà Yísà, ẹni tó yàn ṣe ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn oṣù. Nígbà tí Salahudeen débẹ̀, Àfáà ń fi ọ̀pá lé àpò sìmẹ́ǹtì kan bí ẹni ń lé ewúrẹ́, pé kó yéé jẹ èèpo iṣu òun. Salahudeen dúró kó lé e tán.

"Àfáà, lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ wo ni oṣù Rajab lé?"

"Jẹ́ n bi ẹni tó mọ̀."

Àfáà pe Kàdíját, ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó fà á lọ́wọ́ wọ yàrá. Salahudeen tẹrí ba. Láìpẹ́ Àfáà mú ọjọ́ náà jáde. Oṣù méjìlá ni Salahudeen béèrè. Ìgbà méjìlá ló tẹrí ba. Kò sí ẹyọ kan tó yẹ̀ kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Orí rẹ̀ wú.

Ní Alámìísì, Garba ka ìwé náà, ó ṣí fìlà.

"Àfáà Yísà fúnra wọn! Ó parí. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lónìí."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́, Salahudeen gbé ṣúgà lọ dúpẹ́. Àfáà wúre fún un dáadáa, ó sì sìn ín dé ojú títì.

"Bá mi sọ fún Garba kó tètè fi kàlẹ́ńdà tọdún yìí ránṣẹ́," ni Àfáà wí, "látìgbà tí èyí tó wà lára ògiri yàrá ti parí, Kàdíját ò rí nǹkan kà fún mi mọ́, àwọn èèyàn sì ti ń bi mí ìgbà tí oṣù máa lé."