Ọmọọmọ Tó Fẹ́ Kí Wọ́n Gbẹ́ Ilẹ̀

Kí àwọn ará ilé tó pé jọ, Gwinyai ti wà ní ẹnu ọ̀nà, lórí àpótí kékeré tí wọ́n máa ń gbé fún àwọn tí ọmọbìnrin ilé náà bí. Ó ti tètè kúrò nílé. Lẹ́yìn ọgbà, ọkọ̀ agbẹ́kànga dúró sábẹ́ igi. Awakọ̀ rẹ̀ ti sọ fún wọn pé bí òun kò bá gbọ́ èsì kí oòrùn tó dé àtàrí, òun á gbé ẹ̀rọ òun lọ sí abúlé kejì.

Kànga kan ṣoṣo ni ìjọba fún agbègbè yẹn ní Buhera. Àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ wò ní ibi kan péré ni omi wà: ẹ̀gbẹ́ ibojì àwọn àgbà ilé náà. Odò ti gbẹ. Inú iyanrìn ni àwọn obìnrin ti ń wa omi, omi náà sì ti ń pa ọmọ. Èyí tí wọ́n sin gbẹ̀yìn, ilé Gwinyai ló ti jáde.

Zvidzai, bàbá àgbà, ló pẹ́ dé jù. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, òógùn ṣì ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ rọra kí i. Ó jókòó sórí àga tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sọ́run, ó na ẹsẹ̀, ó gba àgbàdo yíyan lọ́wọ́ Marwei ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín họ ọ́. Marwei fún Gwinyai náà ní ọ̀kan. Gwinyai dúpẹ́, ó dì í mọ́wọ́.

"Ta ló ní ká pàdé?" Zvidzai béèrè.

"Èmi ni, bàbá àgbà."

"Ìwọ? Mo rò pé onílé ló ń pe ìpàdé ilé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gwinyai gbé ọwọ́ lé ògiri, ó dìde. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ omi yìí…"

"Jókòó, ọmọ mi," Marwei ní. "Ẹni ńlá ń jẹun lọ́wọ́, ìwọ ń sọ̀rọ̀ omi."

"Òùngbẹ á gbẹ wọ́n tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ìyá kékeré."

Ẹnu Zvidzai dúró lórí àgbàdo.

"Ẹ ń gbọ́ ẹnu? Ṣé torí pé bàbá mi ti kú ni? Tó bá jẹ́ òun ló jókòó síbí, ṣé o jẹ́ dáhùn báyìí?"

"Bàbá yín máa ń jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi."

"Èmi kọ́ ni bàbá mi."

"A ti rí i."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n tì í síta. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n yọ àpótí kúrò lábẹ́ ìdí rẹ̀ kó lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Zvidzai sọ ṣùkù àgbàdo mọ́lẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí bàbá mi máa kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní n kò gbọdọ̀ fi irin kan ilẹ̀ ibojì yẹn. Mo sì ṣèlérí fún un. Ṣé o wà níbẹ̀?"

"N kò sí níbẹ̀."

"Kí lo wá mọ̀? Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Gwinyai wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ léjìká. Níta, awakọ̀ fun fèrè ọkọ̀.

"Ẹ̀rù ń bà yín, bàbá àgbà," ó ní.

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù wa. Ẹ rò pé tí ẹ bá gbà, a máa ní àga yẹn tóbi jù fún yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú Zvidzai pọ́n. Marwei na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀, Zvidzai gbọn ọwọ́ náà dànù.

"Lọ́jọ́ tí a sin bàbá yín," Gwinyai ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ta ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀?"

Marwei ló dáhùn. "Ọmọọmọ ni. Ọmọọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ là á."

"Ṣé igi ni ọkọ́ náà?"

"Irin ni."

"Èmi ni mo là á. Ilẹ̀ kò bínú, bàbá yín kò sì dìde. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí, èmi ò ṣe. Ohun tó léèwọ̀ fún ọmọ ilé níbẹ̀, kò léèwọ̀ fún ọmọọmọ. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ́ lànà, kí ẹ̀rọ gba ojú ẹ̀ lọ. Ìlérí yín ò yẹ̀."

Zvidzai fi ọwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀.

"Tí ilẹ̀ bá wá bínú ńkọ́?"

"Ẹ ní ọmọ yín kan tó ya aláìgbọràn ló ṣe é."

"Kò sẹ́ni tí kò ní gba ìyẹn gbọ́," Zvidzai ní. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ mì. "Ẹ wá ọkọ́ wá. Ẹ ní kí onífèrè yẹn dákẹ́, a ń bọ̀."

Wọ́n gbé ọkọ́ wá. Gwinyai na ọwọ́ sí i, Zvidzai sì já a gbà.

Nínú àṣà wọn, ọkùnrin tí wọ́n bá bí sí ilé ìyá ẹni, ìbáà jẹ́ àárọ̀ òní ni wọ́n bí i, bàbá àgbà ẹni ni, nítorí náà Zvidzai, tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé girama lóṣù tó ń bọ̀, gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó sì fi ọwọ́ kejì di ọmọọmọ rẹ̀ mú, arúgbó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kó má baà ṣubú lọ́nà ibojì.