Aláìsàn Tó Ń Fi Ọkàn Roko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní inú èèyàn jìn, ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Aláìsàn kan wà nínú ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n fi ń wo ọpọlọ. Láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ni kò ti sọ̀rọ̀, tí kò mira. Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ń bá a sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

"Bàbá, bí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa fọkàn roko. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fọkàn rìn yípo ilé yín."

Àbúrò aláìsàn náà, tó dúró lẹ́yìn obìnrin náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, igi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀! Ẹ jẹ́ n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé, kó lọ kú wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Ẹ ṣe sùúrù, sà. Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Ibi ìroko, apá ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ béèyàn bá ń fọkàn roko, tàn nínú àwòrán: bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀ ò jẹ́ kí obìnrin náà ronú.

"Ṣé ẹsẹ̀ yín ló yọ̀?"

Ibi ìrìn tàn: bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Àbí ẹnìkan ló tì yín?"

Ibi ìroko tàn yòò bí iná ọyẹ́.

Ẹ̀rín ti dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Aláìsàn náà ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. Ó ní òun ń retí ìbéèrè tó kàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun ní nǹkan mọ́.