Ọ̀gá Tó Ń Mi Orí sí Ohun Tí Kò Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀gá kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkìrun, Ìyáàfin Moróunmúbọ̀ Àjàó ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kára, ó sì fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbéraga ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń di, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀rọ onílàákàyè kan wà tí èèyàn lè fi sórí fóònù. Tí wọ́n bá ń ṣèpàdé, á máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, á sì máa kọ ọ́ sójú fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyáàfin Àjàó ní òun kò fẹ́. Tí kò bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ìpàdé, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á mi orí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òbí àti olùkọ́ ń ṣèpàdé lórí eré sísá tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe. Ariwo pọ̀. Bàbá kan tó ń ṣe bíríkìlà dìde, ó ní, "Mà, Àṣàkẹ́ ọmọ mi ní ikọ́ fée. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sáré nínú eruku ọyẹ́ yìí."

"Àṣàkẹ́" àti "sáré" nìkan ni ọ̀gá gbọ́. Ó rò pé bàbá náà ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn ni.

Ó mi orí. "Mo ti gbọ́, bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, òun fúnra rẹ̀ ló mú Àṣàkẹ́ mọ́ àwọn tó máa sáré. Ọmọ náà dé àárín pápá, ó di àyà mú, ó ṣubú. Kò lè mí dáadáa. Ìsáré ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, Ọlọ́run ló sì yọ ọ́.

Bàbá Àṣàkẹ́ wojú ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mà, ṣebí mo sọ fún yín?"

Ìyáàfin Àjàó ì bá ní òun gbàgbé. Kò purọ́. Ó kúnlẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Lóòótọ́ lẹ sọ fún mi. N kò gbọ́ ni. Etí mi ti di, ojú ló ń tì mí láti sọ."

Láti ibẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, wọ́n sì bá a fi ẹ̀rọ náà sórí fóònù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣèpàdé, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Olùkọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀, fajú ro. "Ohùn wa ni yóò máa gbà sílẹ̀ yẹn, mà. Ṣé kí ẹ lè fi mú wa lọ́la ni?"

"Ẹ̀rù yín tọ́," ni ọ̀gá wí. "Gbogbo wa la máa ka ohun tó bá kọ kí a tó túká, èyí tó bá ṣì kọ, a ó tún un ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́, màá pa ẹ̀rọ náà, kó sún mọ́ mi kó sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní mi orí sí ohun tí n kò gbọ́ mọ́ láé."

Ẹnìkan rọra sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, àwọn kan sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo fóònù, ó kà á sókè: "'Adití ni ọ̀gá wa.' Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìpàdé lọ."

Ìyá kan dìde ní ìdí ògiri, ó ní ọmọ òun kì í rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó, ojú ló ti ń ti òun láti wí. Òmíràn tún dìde tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń fi àléébù ara rẹ̀ pa mọ́ lè fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu. Tí ẹ kò bá gbọ́, ẹ sọ pé ẹ kò gbọ́. Tí ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ bá wà, ẹ lò ó ní gbangba, kí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ sí i. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín o. Ẹ ṣáà ṣe é.