Ọwọ́ Òsì Nìkan

"Ṣé àbúrò mi ṣì wà nínú ara yìí?"

Fágbèmí ló béèrè bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ilé ìwòsàn kan ní Ifangni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Ifálérè àbúrò rẹ̀ wó, kò lajú, kò sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan dé fìlà oníwáyà tó ń ka ọpọlọ sí i lórí, ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ̀n bíi fóònù mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Bàbá, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fọkàn sí ọwọ́ òsì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fọkàn sí ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà á rí i. Ṣé Ifálérè lorúkọ yín?"

Iná òsì tàn lójú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé Banigbé lẹ ti ń dáko?"

Òsì.

"Ṣé obìnrin ni yín?"

Òsì.

"Bon, ó dáa! Àbúrò mi ti dobìnrin," ni Fágbèmí wí. "Ọmọ mi, kó ẹrù ẹ. Ilé là ń gbé e lọ, kó lọ kú síbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ ní sùúrù díẹ̀!" Akẹ́kọ̀ọ́ náà yẹ wáyà wò, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún ìbéèrè náà bi. Òsì náà ni.

Àwọn tó máa gbé Ifálérè lọ wọlé. "Ìyàwó, yẹra fún wọn," ni Fágbèmí sọ fún Falilatou. Obìnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ tó ti ń rọra fi àtàǹpàkò ra láti àárọ̀, ó yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó sì di ọ̀tún mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra á.

Iná òsì kú. Ti ọ̀tún tàn.