Agogo Tó Ń Dún Lẹ́ẹ̀mejì

Arúgbó tó ń jẹ́ Magali di ọwọ́ mi mú, à ń gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sókè abúlé.

"Ará Párìsì ni yín, àbí? Ẹ ò mọ orí òkúta rìn rárá!"

Mo rẹ́rìn-ín.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò pẹ́, ó tún dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta mìíràn.

"Kí ló dé tó tún fi dún, mà?"

"Nítorí ẹni tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni. Kò sí irú ẹ̀ ní Párìsì yín!"

Bọ́ọ̀sì tó gbé mi wá ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀.

"Màdáámù, tí ẹ bá pàdé Odile ọmọ mi, ẹ sọ fún un pé mo ń retí ẹ̀ o."

"Màá jíṣẹ́, mà."

Ọjọ́ Ìsinmi kọkànlá rèé tí màmá mi ń rán mi níṣẹ́ sí ara mi.