Ìyàwó Jókòó Síbi Tí Dírẹ́bà Ń Jókòó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láìkà á dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin ọkọ. Mo fi ìwọ̀nba irun tó kù lórí mi búra pé kò ní gùn. Ìgbéraga ló dá a sílẹ̀, òkun ló sì parí rẹ̀.

1. Ọkọ̀ abẹ́ igi máńgòrò

Bàbá Akínkúnlé, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọkọ̀ kan ní Ilare. Ọkọ̀ eré sísá ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é láyé àtijọ́. Ìjókòó méjì péré ló ní, kò ní òrùlé, ó sì kúrú débi pé ewúrẹ́ tó bá dúró tì í, ńṣe ló ń wò ó láti òkè. Adìẹ ti yé ẹyin sínú rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Bàbá tó tún un ṣe.

Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wọn, kì í ṣe òsì bíi tiwa. Tí tírélà bá wà níwájú, Bàbá kò lè rí ọ̀nà láti ibi tó jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìmísí, tó jókòó lápá òsì, ni yóò yọjú wò ó, á ní, "Ó mọ́, ẹ máa lọ," tàbí "Ẹ dúró." Ìyá Ìmísí mọ ọ̀nà dáadáa. Ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń wà láti Modakeke dé Edunabon ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn.

Gánà ni wọ́n bí Ìyá Ìmísí sí, létí òkun Kéépù Kóòsì. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò, títí kan àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, máa lọ sílé wọn. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Bàbá ti ṣèlérí pé òun á mú un padà lọ wo òkun yẹn. Irun àwọn méjèèjì ti funfun, òkun ṣì ń dúró.

"Ọkọ̀ yìí la máa gbé lọ," ni Bàbá wí lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀ṣúndáre, bú sẹ́rìn-ín. "Akínkúnlé, ṣé ọkọ̀ nìyí àbí ọpọ́n ìwẹ̀? Tó bá fi lè kọjá Edunabon, kí wọ́n pè mí ní òpè."

"Èmi fúnra mi ni màá wà á! Gbogbo ayé á rí mi níbi tí dírẹ́bà ń jókòó!"

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

2. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọkọ̀!"

Wọ́n kọjá Edunabon. Wọ́n kọjá Èkó, wọ́n dé Badagry, ọkọ̀ ń dún bí ológbò tó yó. Atẹ́gùn ń fẹ́, Ìyá Ìmísí ń kọrin. Aṣọ́bodè kan rí wọn lókèèrè, ó wo apá òsì, ó sì gbọ́wọ́ sórí fìlà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọkọ̀! Ẹ gbé Bàbá jáde kí wọ́n gba atẹ́gùn? Ọlọ́run á san án fún yín!"

"Àmín o, ọmọ mi."

"Èmi ni mo ń wà á!" ni Bàbá ké. Aṣọ́bodè ti yíjú sí ọkọ̀ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dé Kútọnú. Gbogbo àwọn tó ń ta àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà ló ń pàtẹ́wọ́ fún Màmá tó ń wakọ̀. Màmá ń juwọ́ sí wọn bí olorì.

3. Àṣẹ

Nígbà tí wọ́n súnmọ́ Pópò, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko òkun, ara Bàbá kò gbà á mọ́.

"Ìyá Ìmísí, káwọ́ rẹ gbera. Má juwọ́, má jẹ́ ìkíni, má sì sọ fún mi mọ́ pé ọ̀nà mọ́ tàbí kò mọ́. Wọ́n á ní ìwọ lo ń darí mi."

"Ta ló máa wá bá yín wo iwájú?"

"Ọkùnrin ni mí."

"Mo ti gbọ́, olówó orí mi." Ó káwọ́ gbera bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Tírélà àlùbọ́sà kan ń wọ́ lọ níwájú. Bàbá yà sí òsì láti kọjá rẹ̀. Ìyá Ìmísí rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Ó la ẹnu. Ó rántí àṣẹ. Ó pa ẹnu dé. Ó wá rí i pé ẹ̀mí dùn ju àṣẹ lọ.

"Bọ́ọ̀sì!"

"Ṣé mi ò ní kí o dákẹ́ ni? Obìnrin tí kò bá..."

Bàbá fojú ara rẹ̀ rí bọ́ọ̀sì. Ó já ọwọ́ sí òsì. Ọkọ̀ gba àárín igi àgbọn kọjá, ó gun iyanrìn, ó sì lọ dúró nínú òkun bí ẹni tó fẹ́ ṣan ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìgbì kan wá, ó mú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

4. Ta ló wà á?

Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n létí omi so okùn mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì fi orin fà á jáde bí ìgbà tí wọ́n ń fa ẹja. Àgbà inú wọn ti gbé Badagry rí, ó gbọ́ Yorùbá. Ó kọjú sí Ìyá Ìmísí.

"Màmá, kí lẹ ń wò tẹ́ ẹ fi wakọ̀ wọ òkun? Ẹ fẹ́ pa Bàbá yìí ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti Badagry ni Bàbá ti ń wá ẹni tó máa gbà pé òun ni dírẹ́bà. Àyè ṣí wàyí.

Bàbá wo òkun. Ó wo ojú ọ̀run. Ó wo bàtà rẹ̀.

Ìyá Ìmísí wò ó títí. "Ẹ má bínú," ló wí fún àgbà náà. "Èmi ni mo wà á." Ó na ọwọ́. "Bàbá Ìmísí, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Bàbá gbé e lé e lọ́wọ́.

5. Òkun Kéépù Kóòsì

Omi kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Ìyá Ìmísí bọ́ sí ọ̀tún, Bàbá bọ́ sí òsì. Bàbá ló wá ń yọjú: "Ó mọ́, máa lọ!" Ohùn rẹ̀ sì dára fún iṣẹ́ náà. Ní Lómè, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà rí wọn.

"Bàbá, ẹ kú ìwakọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wà!"

Bàbá juwọ́ bí ọba.

"Ẹ ò ní sọ fún wọn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ẹni tó bá kíni, à á jẹ́ ẹ ni."

Ìyá Ìmísí rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń gbọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Kéépù Kóòsì. Ilé bàbá rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n òkun ṣì wà níbi tó fi í sí. Ó bọ́ bàtà, ó wọ omi dé orúnkún. Bàbá ká ṣòkòtò, ó tẹ̀ lé e.

"Ìyá Ìmísí, ọ̀rọ̀ Pópò yẹn. Jọ̀wọ́."

"Èmi ni mo gbé yín wá," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìlérí yín ṣẹ. Ẹ ṣé."

Nítorí náà, ẹ kíyè sára o! Ẹ má pa ẹni tó ń bá yín wo ọ̀nà lẹ́nu mọ́ torí pé àwọn ará ìta ń kí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á fi ọkọ̀ wẹ̀ nínú òkun, kò sì ní fọwọ́ kan sítíárìn mọ́ láyé. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ilare, Bàbá sọ fún Ọ̀ṣúndáre pé gbogbo ayé rí òun níbi tí dírẹ́bà ń jókòó, wọ́n sì ń kí òun. Kò parọ́. Ọ̀ṣúndáre ti gbà pé òpè ni òun.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, kó má dé etí Ọ̀ṣúndáre. Àṣírí ni.