Àjà Yàrá Màmá

Káfíńtà ń fa àjà pákó lulẹ̀ nínú ilé tí bàbá bàbá wa kọ́ sí Ìsọlọ̀ kí òmìnira tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́bọ́lájí ń kán an lójú.

"Ọ̀gá, POP yàrá Màmá gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì o!"

Ìyá Tẹ́ní, ayálégbé wa, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdún mẹ́ta ni Màmá fi ń bẹ̀ yín pé ìgbẹ́ eku ń já bọ́ láti àjà yìí sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn. Ẹ ní ẹ ń bọ̀."

"A ti wá báyìí," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

Èmi ò lè gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, abẹ́ àjà tuntun yìí la máa tẹ́ òkú Màmá sí, kí àwọn àlejò lè rí i pé ìyá wa bímọ.